Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: ẹ yé fọ́mátì kọ̀ǹpútà nítorí ohun kan tí kò dìde

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà, tó sì ń gbé níbi tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Èrò mi rèé, mi ò ní fi bò: kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fọ́mátì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ láìyẹ kí wọ́n fọ́mátì wọn ti pọ̀ jù. Nǹkan kékeré kan ló kọ̀ tí kò dìde nígbà tẹ́ ẹ wọlé, wọ́n wá tìtorí eku kan dáná sun odindi ilé.

2/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù, torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ ti rí fóònù tí WhatsApp rẹ̀ kì í dún rárá, àfi tẹ́ ẹ bá ṣí i fúnra yín, ni ogójì mẹ́sẹ́ẹ̀jì á wá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà? Kì í ṣe ọ̀tá ilé, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ dátà. Android ló ń pa á lẹ́yìn kó lè ṣọ́ bátìrì jẹ. WhatsApp ní apá kan tí ẹ ń rí, ó tún ní apá kan tó yẹ kó wà lójúfò lẹ́yìn, tí ẹ kì í rí. Tí apá ẹ̀yìn yẹn bá ti sùn, apá iwájú á kàn máa wò suu ni.

3/
Kọ̀ǹpútà náà ò yàtọ̀. Ẹ fi ojú òde àríyá wò ó. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó jókòó síwájú pẹ̀lú aṣọ òkè, àwọn onílù ń kì í, gbogbo èèyàn ń rí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé lọ́hùn-ún, àwọn alásè wà nídìí ààrò, ẹni tó ń pọn omi wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí ìrẹsì ò bá jáde, ṣé a máa wó gbọ̀ngàn ni? Ẹ̀yìn ilé la máa gbà lọ, ká béèrè pé: ta ni ò tíì dé, kí ló sì dé tí kò dé?

4/
Ojú tí ẹ ń rí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tẹ pásíwọọ̀dù tán, òun lẹni tó wọ aṣọ òkè. Àwọn tó wà nídìí ààrò ni èyí tó ń gbé ohùn jáde, èyí tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Service ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dìde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé gan-an ni wọ́n ń dìde, ní orúkọ yín, fún ẹ̀yin nìkan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

5/
Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí? Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 ní tiẹ̀ ń béèrè TPM 2.0 àti ẹ̀rọ tí kò gbó jù, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ò sì dé ojú ìwọ̀n yẹn. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀nà ti ń kó lọ sórí Linux: Ubuntu, Mint, Fedora. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, orí Ubuntu lèmi gan-an ti ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ṣùgbọ́n ilé tuntun la kó lọ o, ìwà àtijọ́ la gbé dání. Ohun kan kọ̀ báyìí, èsì kan náà ni: "Gbé e wá, a máa fọ́mátì ẹ̀."

6/
Ẹ má ṣì mí gbọ́. Fọ́mátì ní ọjọ́ tiẹ̀. Tí kòkòrò burúkú bá ti ta gbòǹgbò nínú kọ̀ǹpútà, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á fún ẹlòmíì, ẹ fọ́mátì ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó bá bẹ́ orí rẹ̀, òótọ́ ni pé orí ò ní fọ́ ọ mọ́. Àwọn nǹkan mìíràn náà ò ní ṣe é mọ́ o.

7/
Ọmọkùnrin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nílé ìwé dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà apẹja: orúkọ ẹja, orúkọ afẹ́fẹ́, orúkọ oríṣiríṣi àwọ̀n. Ó ń fi fóònù gba ohùn wọn, ó ń kó o sínú laptop, ó wá ń tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú àmì ohùn, bó ṣe yẹ kí Yorùbá rí. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó tẹ ẹ pẹ̀lú ìsàlẹ̀, e ló ń jáde. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Wọ́n fọ́mátì ẹ̀. Ohùn tó gbà fún oṣù méjì tó kẹ́yìn lọ bẹ́ẹ̀, torí pé kò tíì kó o síbòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó bá a sọ̀rọ̀ ti di olóògbé láàárín ìgbà yẹn.

8/
Ibi tó dùn mí jù nìyí: fọ́mátì ọ̀hún ò wo nǹkan kan sàn. Ó dá fáìlì tó ń jí kíbọ́ọ̀dù náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án, kíbọ́ọ̀dù tún kọ̀. Nígbà yẹn ló tó pè mí. A ṣí fáìlì náà. Ó ti kọ ọ̀nà tí ètò náà wà sí ìdí Exec báyìí: ~/bin/yoruba.sh. Àmì ~ yẹn ni gbogbo wàhálà. Nínú terminal, shell ló ń túmọ̀ ~ sí fódà ilé yín. Fáìlì autostart kì í bá shell sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tí ~ ń jẹ́. Ó ń wá fódà tó ń jẹ́ "~" ní tòótọ́, kò sì sí irú ẹ̀ láyé.

9/
Ẹ máa bi mí pé, báwo ló ṣe wá ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀? Ọwọ́ ló fi jí i nínú terminal lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kì í pa laptop, ó kàn máa ń pa á dé ni. Gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ ń sùn, wọ́n ń jí papọ̀. Ọjọ́ tí iná lọ tí bátìrì sì kú pátá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni àṣírí tú. Àṣìṣe yẹn ti wà ńlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iná tó lọ ò fà á, ó kàn ṣí aṣọ lójú ẹ̀ ni.

10/
Àmì kan ṣoṣo! Ẹ̀ṣẹ̀ àmì kan, ìyà oṣù méjì. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ka ìlà kan nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà yẹn kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ohùn bàbá yẹn ì bá ṣì wà.

11/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ìkejì, èyí tó parí síre. Àǹtí kan ní Sábó, ní Ìkòròdú, iṣẹ́ títẹ̀wé ló ń ṣe: ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìnkú, orin ìjọ. Àwọn oníbàárà ẹ̀ fẹ́ràn pé Yorùbá tiẹ̀ máa ń ní àmì. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó sì ní ètò ìsìnkú tó gbọ́dọ̀ jáde láàárọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, wọ́n ní kí n gbé e wá kí wọ́n fọ́mátì ẹ̀." Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ogún ìṣẹ́jú."

12/
Kíbọ́ọ̀dù tiẹ̀, Keyman ni, Keyman sì ń gun orí IBus lórí Linux. Tí IBus ò bá dìde, Keyman á kàn máa jókòó bí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Mo wo àkọsílẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgàdà: "Permission denied". Fódà ~/.config/ibus ti di ti root. Ẹnì kan ti ní kó fi sudo ṣí nǹkan kan lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, sudo wá gba fódà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. IBus ń dìde ní orúkọ àǹtí, ó fẹ́ kọ̀wé sínú ilé àǹtí, wọ́n ní kó má wọlé. A dá fódà náà padà fún ẹni tó ni ín pẹ̀lú chown, àǹtí jáde, ó tún wọlé. Ẹ̀, ọ̀, ṣ, gbogbo wọn dé. Ètò ìsìnkú jáde láàárọ̀.

13/
Àwọn kan máa sọ pé, "Ṣé torí àmì ohùn lo ṣe ń pariwo báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹ̀ ni. Ẹ gba ọjà ẹja Olúwo kọjá ní Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí ìyá ẹlẹ́ja pé "oko yin ti de". Ṣé ọkọ̀ tó ń kó ẹja bọ̀ lẹ ní lọ́kàn ni, àbí ọkọ tó wà nílé? Èyí àkọ́kọ́, á sáré lọ sétí omi. Èyí ìkejì, ó ṣeé ṣe kó ní kó dúró ná. Orúkọ Ìkòròdú gan-an, ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé inú oko odú ló ti jáde, odú tí à ń sè lẹ́fọ̀ọ́. Ẹ kọ "oko odu" láìsí àmì, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òkèèrè máa lè kà á.

14/
Láti ọdún 1875 làwọn èèyàn ti pàdé nílùú Èkó láti fẹnu kò lórí bá a ṣe máa kọ èdè yìí sílẹ̀. Lónìí, Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní YorubaName ti gbé kíbọ́ọ̀dù Yorùbá jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú Linux fúnra rẹ̀, lábẹ́ Nigeria nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù. Gbogbo iṣẹ́ yẹn á di asán tí ètò kékeré kan tó yẹ kó dìde lẹ́yìn login bá kọ̀, tí ọmọ Yorùbá sì wá parí èrò sí pé "kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá". Kọ̀ǹpútà gbọ́. Ẹni tó yẹ kó túmọ̀ fún un ni kò tíì jí.

15/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Mo máa sọ ti Linux síwájú, màá fi ti Windows kún un. Ìlànà kan náà ni: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó kọ̀, kẹ́ ẹ tó mọ ìdí tó fi kọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

16/
Ìgbésẹ̀ kìíní. Tẹ́ ẹ bá tẹ pásíwọọ̀dù yín, systemd kan tó jẹ́ tiyín nìkan ló ń dìde, òun ló ń pe àwọn tó kù. Ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ:
systemctl --user --failed
Á ka orúkọ gbogbo àwọn tó ṣubú. Ẹ ṣọ́ra: ẹ má fi sudo síwájú ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá fi sudo sí i, kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tiyín lẹ ń béèrè mọ́. Ilé ẹlòmíì lẹ kàn lọ.

17/
Ìgbésẹ̀ kejì. Ẹ mú orúkọ èyí tó kan yín, ẹ tẹ systemctl --user status, kẹ́ ẹ fi orúkọ náà sí i. Tó bá sọ pé "failed", wọ́n pè é, ó wá, ó ṣubú. Tó bá sọ pé "inactive", ó lè ti parí iṣẹ́ tiẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè é rárá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra. Alásè tó wá tó subú lulẹ̀ nídìí ààrò, tọ́jú ẹ̀. Alásè tí ẹ ò fún níwèé ìpè, ta lẹ ń bá bínú?

18/
Ẹni tí wọn ò pè, wọ́n lè ti gbàgbé "enable" ẹ̀. Tàbí kó jẹ́ pé wọ́n kọ "WantedBy=multi-user.target" sí ìdí ẹ̀ torí pé wọ́n ṣàdàkọ ẹ̀ láti ibì kan. Target yẹn, ti gbogbo kọ̀ǹpútà ni, kò sí nínú systemd tiyín. "default.target" ni kẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, tàbí "graphical-session.target" tó bá jẹ́ pé ó nílò ojú kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ fáìlì autostart ni, ẹ wo ~/.config/autostart àti /etc/xdg/autostart. Tẹ́ ẹ bá rí "Hidden=true" nínú ẹ̀, wọ́n ti ní kó jókòó sílé. Tẹ́ ẹ bá rí "OnlyShowIn=GNOME", tó sì jẹ́ pé Xfce lẹ ń lò, òde ẹlòmíì ni wọ́n pè é sí.

19/
Ìgbésẹ̀ kẹta. Ẹni tó ṣubú, ẹ ka ohun tó sọ kó tó ṣubú:
journalctl --user -b
-b yẹn ń sọ pé "látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti tàn lẹ́ẹ̀kẹyìn". Ẹ wá àṣìṣe tó kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe èyí tó gbẹ̀yìn. Èyí tó gbẹ̀yìn sábà máa ń jẹ́ ariwo àwọn tó ń sunkún lẹ́yìn òkú. Tẹ́ ẹ bá rí "start request repeated too quickly", systemd ti gbìyànjú láti jí i lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni àrùn náà. Ẹ gòkè díẹ̀ sí i.

20/
Ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ fi ọwọ́ yín jí i nínú terminal. Tó bá dìde dáadáa lọ́wọ́ yín, tó sì ń kọ̀ nígbà login, a jẹ́ pé ètò náà ò bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ àyíká ni tàbí ọ̀rọ̀ àkókò. Bóyá PATH tẹ́ ẹ kọ sínú .bashrc ló ń gbẹ́kẹ̀ lé, tí login ò sì ka .bashrc. Bóyá ~ ni, bíi ti ọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn. Bóyá ó dìde kí ohun tó nílò tó dé.

21/
Ìgbésẹ̀ karùn-ún, èyí tí mo fẹ́ràn jù: ẹ ṣẹ̀dá account tuntun lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kẹ́ ẹ wọlé sí i. Tí gbogbo nǹkan bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Linux yín ò ní wàhálà kankan. Inú fódà ilé yín ni ìṣòro wà, fáìlì kékeré kan ló sì máa ń jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ìdánwò yìí. Mi ò mọ ìdí tí kì í ṣe ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń ṣe. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ df -h, kẹ́ ẹ rí i bóyá ààyè ti tán. Kọ̀ǹpútà tí ààyè tán lórí ẹ̀ ò lè kọ nǹkan kan sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ dìde ò sì ní ibi tí wọ́n máa tẹ ẹsẹ̀ sí.

22/
Ẹ̀yin ará Windows, mi ò gbàgbé yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, ẹ lọ sí Startup: ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọ́n ní kó jókòó. Ẹ ṣí services.msc, ẹ wo èyí tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ tí kò ṣiṣẹ́. Event Viewer ni ìwé àkọsílẹ̀ tiyín. Account tuntun náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

23/
Báyìí, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Ibùdó iná Egbin wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní Ìkòròdú tiwa níbí. Megawatt 1,320 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa mú jáde. Àwa tá à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣì ń ta tọ́ọ̀ṣì. Iná tó ń lọ lójijì yìí ń fa irú àìsàn tí àwọn tó ń kọ ìtọ́sọ́nà láti ìlú òkèèrè kì í rántí. Ètò kan ń kọ fáìlì lọ́wọ́, iná lọ, fáìlì dá sí méjì. Òmíràn fi àmì sílẹ̀ pé "mo wà nínú ilé", iná lọ kó tó mú àmì náà kúrò. Nígbà tó padà dé, ó rí àmì ara ẹ̀, ó ní "ẹnì kan ti wà níbẹ̀", ó bá padà. Yíyọ àmì yẹn kúrò ti tó.

24/
Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tún ní bátìrì pẹlẹbẹ kan nínú tó ń ṣọ́ aago. Tó bá ti kú, aago lè padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀ gbàrà tí iná bá lọ. Ètò tó ń kó fáìlì yín lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì á dìde, á wo ọjọ́, á rí i pé ìwé ẹ̀rí ojúlé tó fẹ́ lọ "ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́", á kọ̀. Tó bá yá, aago á tún ara ẹ̀ ṣe látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ètò ọ̀hún ti kú, kò sẹ́ni tó jí i. Ẹ lè máa rò pé fáìlì yín wà lókè, kó má sí nǹkan kan níbẹ̀. Bátìrì yẹn ò tó nǹkan láti pààrọ̀.

25/
Bẹ́ẹ̀ náà ni hotspot. Ẹ wọlé tán kẹ́ ẹ tó tan dátà fóònù. Ètò tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì ti dìde, ti wò ọ̀tún wò òsì, ti kú. Àwọn kan á kọ "After=network-online.target" sínú ẹ̀. Nínú service tó jẹ́ tiyín, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, torí systemd tiyín ò rí target ti gbogbo kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún un pé tó bá kú kó tún gbìyànjú: "Restart=on-failure" àti "RestartSec=30". Á máa padà wá wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Ìyá ẹlẹ́ja kì í kó ẹrù ẹ̀ lọ sílé nítorí pé ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀. Á jókòó, á tún wojú omi.

26/
Mo mọ ohun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa sọ, torí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi: "Oníbàárà ò ní sùúrù. Fọ́mátì, mo mọ iye wákàtí tó máa gbà. Kíka log, mi ò mọ̀. Ta ló máa sanwó ìyẹn?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní bú wọn. A máa ń sanwó fún ẹni tó fi Windows tuntun sí i, torí a rí i pé nǹkan yí padà. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú kàwé, tó sì yọ àmì kan kúrò, a máa ń sọ fún un pé "ṣé kò ju ìyẹn náà lọ?" Àwa oníbàárà ló kọ́ wọn níwà yẹn. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó ìmọ̀. Àmì tó yọ ò tó nǹkan. Mímọ̀ tó mọ èyí tó yẹ kó yọ, ìyẹn lowó.

27/
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fọ́mátì kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni láìbi í pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀ tí kò sí níbòmíràn?" Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní kíka àkọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ́ wọn ní fọ́mátì. Ọmọ tí wọ́n fi fọ́mátì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún, kò ní mọ ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ láé. Á kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

28/
Ẹ̀yin ilé ìwé wa náà ńkọ́? LASUSTECH wà ní Ìkòròdú. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ LASU wà ní Ẹ̀pẹ́, LASUED náà ní ẹ̀ka níbẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ẹ má dúró de olùkọ́ kankan. Ẹ kó ara yín jọ ní Sátidé kan, márùn-ún péré, kí ẹnì kan fọwọ́ ba nǹkan kan jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fáìlì gidi nínú, kí àwọn mẹ́rin tó kù wá ìdí ẹ̀. Ẹ kọ́ ọ bí eré. Ọjọ́ tó bá di ti iṣẹ́ àṣekágbá yín, ẹ̀rù ò ní bà yín.

29/
Ẹni tó bá ní "àsìkò ò sí, fóònù ni mò ń lò ní tèmi", mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí WhatsApp tó ń sùn. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lẹ́yìn wa ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ilé wà, ohun gbogbo ló máa dà bí iṣẹ́ àfọ̀ṣẹ lójú ẹ̀: tó bá ṣiṣẹ́, á dúpẹ́; tí kò bá ṣiṣẹ́, á ju gbogbo ẹ̀ nù. Èmi ò fẹ́ kí ìran wa jẹ́ ìran tó ń ju nǹkan nù torí pé kò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi í.

30/
Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá mú ohun mẹ́ta péré lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ: ẹ kó fáìlì yín síbòmíràn lónìí, kódà kó jẹ́ flash lásán. Ẹ ka àkọsílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba fọ́mátì. Ẹ ṣe ìdánwò account tuntun.

31/
Tí nǹkan bá kọ̀ tí kò dìde lórí Linux yín, ẹ da àbájáde systemctl --user --failed sí abẹ́ ibí yìí. Ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ dà síbẹ̀ o, kì í ṣe fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí iná ń tàn sí. Ẹ yọ pásíwọọ̀dù àti orúkọ yín kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e síta. Màá dá yín lóhùn tí iná bá wà. Ẹlòmíì tó bá mọ̀ ọ́n jù mí lọ, kó má dákẹ́. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.